Igi 17 Tí Ọmọ Olówó Gé

Ẹni tí a jọ ń gbé yàrá lọ́dún yìí fẹ́ràn irú fíìmù kan. Mo ti mọ bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀, mo sì ti mọ bó ṣe máa ń parí, àní bí mo bá kẹ̀yìn sí fóònù náà. Ọmọ olówó kan wà ní ìlú ńlá tó ń fi owó bàbá rẹ̀ ṣòfò, tó ń jí lọ́sàn-án, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń fọ ife. Bàbá á bínú, á ní àfi kó lọ lo ọdún kan ní oko màlúù kan lọ́nà jíjìn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní jogún kọ́bọ̀. Ọmọ á débẹ̀ pẹ̀lú bàtà funfun. Ẹṣin á gbé e ṣubú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á bó, àwọn òṣìṣẹ́ á fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí fíìmù bá fi máa parí, ó ti ń fi okùn mú màlúù, ó ti fẹ́ ọmọ ẹni tó ni oko ìtòsí, bàbá rẹ̀ sì ń sunkún ayọ̀.

“Wò ó,” ni ẹni tí a jọ ń gbé máa ń wí, “ìyà ti kọ́ ọ lọ́gbọ́n.”

Gbólóhùn yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí, nítorí mi ò gbà á.

Kì í ṣe pé mi ò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Ilé Yorùbá wo ni wọn kì í tí í sọ̀rọ̀ àkẹ́bàjẹ́? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ìyá mi sọ ọ́ fún mi títí tí mo fi ń rí ara mi lójú àlá tí mò ń ta ilé bàbá mi, ilé tí wọn kò tíì rẹ́ ògiri rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe inú òwe yẹn dáadáa, ẹ̀yin ará ẹ̀ka wa. “Kọ́” ni. Òwe náà fi kọ́ ọmọ pe kọ́ ilé, ohùn òkè sí ohùn òkè, kò sì sí ìyà nínú rẹ̀ rárá. Kọ́ gbọ́dọ̀ ní olùwà: ẹnì kan ló ń kọ́ni, bí ẹnì kan ṣe ń kọ́lé. Ohun tí fíìmù ń ṣe ni pé ó yọ ẹni yẹn kúrò ní ipò olùwà, ó fi ìyà síbẹ̀. Èmi rò pé a máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà nínú ẹ̀ka wa, màá sì sọ bí èmi gan-an ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹni tó gbé ayé rí, kó má di pé fíìmù ni mò ń bá jà.

Theodore Roosevelt, ẹni tó di ààrẹ Amẹ́ríkà ní 1901, ni ọmọ olówó tí irú ìtàn yìí bá mu jù lọ. New York ni wọ́n ti bí i ní 1858, ní ìdílé tó ti lówó tipẹ́. Ikọ́ fée ń dà á láàmú ní kékeré, kò sì ríran jìnnà láìlo awò ojú. Harvard ló ti kàwé. Bàbá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì wà níbẹ̀, ogún tó sì fi sílẹ̀ tó kí ọmọ náà má ṣiṣẹ́ kankan bí kò bá wù ú. Nígbà tó wọ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ New York ní 1882, ọmọ ọdún 23 ni, àwọn akọ̀ròyìn sì ń fi aṣọ àti ohùn rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Kí n má purọ́ mọ́ ọn, kì í ṣe àkẹ́bàjẹ́ bíi ti inú fíìmù. Ó máa ń kàwé, ó sì máa ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ ìlú ni, olówó ni, kò sì sẹ́ni tó fipá lé e lọ síbi kankan.

Ní September 1883, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Dakota láti lọ pa bison, ẹran ńlá onírun tí àwọn ọdẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa tán lórí pápá ibẹ̀ nígbà náà. Kó tó padà sílé, ó ti kọ sọ̀wédowó 14,000 dọ́là fún ọkùnrin méjì, Sylvane Ferris àti Bill Merrifield, kí wọ́n máa bá òun sin màlúù. Oṣù márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, ní 14 February 1884, ìyá rẹ̀ àti ìyàwó rẹ̀ kú lọ́jọ́ kan náà, nínú ilé kan náà. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tí ìyàwó náà bímọ ni. Ó fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ó padà sí Dakota, ó sì dá oko kejì sílẹ̀, Elkhorn. Ọ̀fọ̀ yẹn ni kò jẹ́ kí n lè bú u tó bí mo ṣe fẹ́. Lápapọ̀, owó tó rì sínú màlúù lé ní 80,000 dọ́là.

Mò ń pè é ní oko màlúù nítorí mi ò rí ọ̀rọ̀ mìíràn. Gáà ló sún mọ́ ọn jù, ṣùgbọ́n gáà ni ibi tí ènìyàn àti màlúù rẹ̀ jọ ń gbé. Oko màlúù ti Dakota, ẹni tó ni ín lè wà ní New York kó máa jẹun. (“Ranch” fúnra rẹ̀ ti di ọ̀rọ̀ ìjà nílẹ̀ wa láti ìgbà tí àwọn olóṣèlú ti ń jiyàn lórí rẹ̀. Mo fi ìyẹn sílẹ̀ lónìí.)

Fọ́tò kan wà tí ẹ lè ti rí. Roosevelt wọ aṣọ awọ àgbọ̀nrín tó ní jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀ lápá, ó di ìbọn mú, ojú rẹ̀ le bí ẹni tí ẹkùn ń bọ̀ wá bá. Ọ̀bẹ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Tiffany ló ṣe é, pẹ̀lú fàdákà lára. Ibo ni wọ́n ti ya fọ́tò náà? Ilé ayàwòrán kan ní New York ni, ní 1885. Ìyà orí fọ́tò nìyẹn, ẹ sì jọ̀wọ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí pa mọ́ dè mí.

Kí n ṣe òótọ́ sí i: ìyà tòótọ́ náà wà. Nígbà tí wọ́n ń kó màlúù jọ ní 1885, ó lò fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 40 wákàtí lórí ẹṣin, ó ń pààrọ̀ ẹṣin bí ọ̀kan bá ti rẹ̀. Ẹṣin kan ṣubú lé e, egungun èjìká rẹ̀ sán. Ó jẹ ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ, ó sùn síbi tí wọ́n ń sùn. Ọkùnrin mìíràn wà ní àdúgbò yẹn, Marquis de Morès, ọlọ́lá ará Faransé tí wọ́n bí ní 1858 kan náà. Òun ló tẹ ìlú Medora dó, tó sì sọ ọ́ lórúkọ ìyàwó rẹ̀. Ilé oníyàrá 26 ni òun ń gbé. Nítorí náà, èmi kì í ṣe ẹni tó máa sọ pé Roosevelt kò ṣe nǹkan kan.

Ohun tí mò ń bi yín ni pé, níbo gan-an ni ọgbọ́n ti wọlé?

Nínú ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ níbẹ̀, èyí tó wù mí jù jẹ́ ọ̀rọ̀ èdè. Lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ màlúù kan fẹ́ sá lọ. Roosevelt kígbe sí ọ̀kan nínú àwọn darandaran pé kó sáré dí wọn lọ́nà, ṣùgbọ́n èdè Harvard ló fi kígbe. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bó ṣe dún létí wọn, ẹ ronú ẹni tí ewúrẹ́ ń jẹ gààrí rẹ̀, tó wá ń ké pé, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tẹ̀ síwájú níbẹ̀ yẹn pẹ̀lú ìyára kánkán!” Àwọn darandaran fẹ́rẹ̀ẹ́ ré bọ́ lórí ẹṣin. Gbólóhùn náà di àwàdà káàkiri agbègbè, débi pé ẹni tó bá fẹ́ kí ọlọ́tí tètè dá òun lóhùn, òun ló máa fi pè é.

Ẹ rí i, èdè tó gbé ọ̀gbẹ́ni yìí wọ ilé aṣòfin kò lè dá ọmọ màlúù kan dúró. Ní New York, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀ ló ń ṣe ìdájọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ní Dakota, àwọn tó ń sanwó fún ló ń ṣe ìdájọ́ tirẹ̀. Ìyẹn gan-an ni mo rò pé ó kọ́ ọ, kì í ṣe òtútù. Ó lè lé àwọn kan nínú wọn lọ. Kò lé wọn. Ó dúró síbi tí wọ́n ti ń fi í rẹ́rìn-ín títí ó fi mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Àwọn tó fẹ́ràn fíìmù á ní kí n má gbàgbé ìjà ilé ọtí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ ní 1913 pé ẹnì kan tó di ìbọn méjì mú pe òun ní olójú mẹ́rin nítorí awò ojú òun, òun sì fi ẹ̀ṣẹ́ gbé e ṣubú. Ó dára. Ẹni tó borí ìjà ló ń ròyìn rẹ̀, mo fi í sílẹ̀ fún un.

Èyí tí mi ò lè fi sílẹ̀ wà nínú ìwé kan náà. Nígbà tí wọ́n ń gé igi láti fi kọ́ ilé Elkhorn, ẹnì kan bi Wilmot Dow pé igi mélòó ni wọ́n rí gé lọ́jọ́ náà. Dow àti Bill Sewall, gégigégi ni àwọn méjèèjì láti Maine, Roosevelt ló mú wọn wá. Dow kò mọ̀ pé ọ̀gá wà nítòsí. Ó ní Sewall gé 53, òun gé 49, ọ̀gá sì ní 17. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìṣe tó lò fún ti ọ̀gá kì í ṣe gé. Ó mú orúkọ ẹranko omi kan tí í fi eyín họ ìdí igi títí igi á fi wó, ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìṣe. Bí èmi bá máa yí i sí Yorùbá, màá ní: àwa gé tiwa, ọ̀gá fi eyín họ tirẹ̀ bí òkété.

Ọkùnrin tó ti ṣe ààrẹ tán ló jókòó, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ èyí sílẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tó sọ ọ́, tó sì tún gbà pé àfiwé náà bá a mu. Fún mi, igi 17 yẹn ni ẹ̀rí. Fọ́tò ọlọ́bẹ fàdákà kò jẹ́rìí nǹkan kan.

Ibi tí mo ti ń bínú ni ibi tí kò ti gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́ ọ. Ní 1884 tí Sewall ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Dakota, ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé ilẹ̀ yìí kò dára fún màlúù. Ọ̀gá ní kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní ìparí 1886, Sewall àti Dow kó ìdílé wọn padà sí Maine. Òtútù tó tẹ̀ lé e ni ó burú jù tí àwọn ará ibẹ̀ tíì rí. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn ti pa koríko, òjò dídì wá bo ìwọ̀nba tó kù, màlúù ń kú sórí ìdúró. Níbo ni Roosevelt wà? Ní 2 December 1886, ó ń gbé ìyàwó kejì, Edith Carow, ní London, wọ́n sì ń gbádùn ara wọn ní Yúróòpù títí di ọdún kejì. Merrifield àti Ferris ló wà nídìí màlúù. Nígbà tí Roosevelt padà dé ní 1887, ohun tó ju ìdajì màlúù rẹ̀ lọ ti kú.

Ẹ kò ní rí oṣù yẹn nínú fíìmù. Ìyà tí ènìyàn lè wọkọ̀ kúrò nídìí rẹ̀ nígbà tó bá le jù, mi ò mọ orúkọ tí a lè pè é. Roosevelt fúnra rẹ̀ sọ nígbẹ̀yìn pé bí kì í bá ṣe Dakota, òun kì bá ti di ààrẹ, mo sì gbà á gbọ́. Ferris àti Merrifield kò di ààrẹ. Àwọn tó sì kọ́ irú Ferris ńkọ́? Ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ náà: ranch, láti inú rancho, lasso, láti inú lazo, lariat, láti inú la reata, stampede, láti inú estampida, buckaroo, láti inú vaquero. Èdè Sípéènì ni gbogbo wọn, nítorí àwọn darandaran ará Mẹ́síkò ló kọ́ àwọn tó kù níṣẹ́. Àwọn onímọ̀ ìtàn máa ń fojú bù ú pé nínú darandaran mẹ́rin, ọ̀kan lè jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Bose Ikard àti Nat Love, inú oko ẹrú ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Kò sẹ́ni tó máa ń sọ pé oko màlúù sọ Bose Ikard di ọkùnrin. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.

Ọmọ olówó mìíràn láti Harvard, Owen Wister, ni dókítà rẹ̀ rán lọ sí Wyoming ní 1885 kí ara rẹ̀ lè le. Ó kọ ìwé The Virginian ní 1902, ó sì fi júbà Roosevelt. Láti ibẹ̀ ni fíìmù ti mú un, ó sì dé orí fóònù ẹni tí a jọ ń gbé.

Ó wá ku tèmi.

Ní ọdún kẹta, àwa mẹ́rin lọ ṣe iṣẹ́ ìwádìí ọ̀sẹ̀ méjì ní gáà kan ní Òkè Ògùn. Iṣẹ́ tèmi ni láti kó àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ màlúù jọ lẹ́nu àwọn Fúlàní ibẹ̀, tí wọ́n gbọ́ Yorùbá lọ́nà tó jìnnà sí bí èmi ṣe gbọ́ èdè wọn. Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi. Màlúù tí mo mọ̀ kí n tó débẹ̀, inú ọbẹ̀ ló wà. Lọ́jọ́ kẹta, mo ń ka àwọn ọ̀rọ̀ tí mo kọ sílẹ̀ síwájú bàbá tó gbà wá lálejò. Mo na ìka sí agbo màlúù, mo ní, “Nagge.” Ọmọdékùnrin kan tó jókòó ti igbá wàrà bú sẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó na ìka sí màlúù kan ṣoṣo: nagge. Ó wá fi ọwọ́ gbá gbogbo agbo náà yíká: na'i. Ó tún un sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń wo ẹnu mi bí olùkọ́ fònẹ́tíìkì. Bí kì í bá ṣe ọmọ yẹn ni, gbogbo ibi tó yẹ kí n kọ ọ̀pọ̀ sí nínú iṣẹ́ mi, ẹyọ ni ǹ bá kọ.

Nígbà tí a padà dé, tí mo dúró níwájú kíláàsì láti jábọ̀, ìyà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí iná. Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. A rìn lọ pọnmi. Ẹ̀fọn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa lọ. Mo sì fi fọ́tò kan hàn níbi tí mo ti di okùn màlúù mú, tí ojú mi le koko. Ẹnì kan ló fi okùn náà lé mi lọ́wọ́, tó sì gbà á padà ní kété tí a ya fọ́tò tán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pàtẹ́wọ́. Olùkọ́ wa kan wá béèrè pé, “Ta ló sọ fún ọ pé na'i ni ọ̀pọ̀?”

Mo ní, “Olùsọ̀rọ̀ kẹrin, sà.”

“Kí ni orúkọ rẹ̀?”

Mi ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn kan á sọ pé ìlànà ìwádìí ló ní kí a máa fi nọ́ńbà bo orúkọ àwọn ènìyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, fún ẹni tí kò bá fẹ́ kí a dárúkọ òun. Ṣùgbọ́n èmi kò bo orúkọ kankan. Mi ò béèrè ni.

Láti ìgbà náà, mo ti ka iṣẹ́ àṣekágbá àwọn tó ṣáájú wa bíi mélòó kan nínú yàrá ìwé ẹ̀ka wa, ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, ẹ má bínú sí mi. Orí kìn-ín-ní tàbí orí kẹta máa ń ní abala kan tó ń jẹ́ ìṣòro tí olùwádìí bá pàdé. Ọ̀nà kò dára, òjò rọ̀, owó ọkọ̀ wọ́n. Nínú ojú ìwé ìdúpẹ́, a máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, òbí, alábòójútó, àti ọ̀rẹ́ tó yá wa ní kọ̀ǹpútà. Àwọn tó fún wa ní èdè tí a fi gboyè, ìlà kan ni wọ́n ń ní, gbogbo wọn pọ̀, láìsí orúkọ. A ní abala fún ìyà, a kò ní abala fún olùkọ́. Mo fẹ́ kí a yí i padà, àwa tí à ń kọ tiwa lọ́wọ́ ní sáà yìí: kí a béèrè orúkọ, kí a béèrè bóyá ẹni náà fẹ́ kí a kọ ọ́, kí a kọ ọ́ síbi tí ọ̀rọ̀ tó kọ́ wa wà, kí a sì mú ẹ̀dà kan padà lọ fún un. Kò ní gbà ju ojú ìwé kan lọ. A lè yọ ti òjò kúrò láti fi wá àyè.

Mo fi tèmi bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo pe bàbá tó gbà wá lálejò. Lẹ́yìn tí a kí ara wa tán, tó béèrè ilé àti ẹ̀kọ́, mo ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, orúkọ ọmọ kan ni mò ń wá.” Ó ní èwo nínú wọn. Mo ní èyí tó fi mí rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ nípa màlúù.

Bàbá náà rẹ́rìn-ín títí ohùn rẹ̀ fi ń já lórí fóònù. Ó ní, “Tíṣà, gbogbo wọn ló fi ọ́ rẹ́rìn-ín.” Ó ní kí n máa bọ̀, kí n wá tọ́ka sí i fúnra mi.